Fóònù Tó Ń Jókòó Sílé ní Abobo

Nígbà tá a wà ní Abobo, àdúgbò kan ní Àbíjáàn, Côte d'Ivoire, fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa. Màmá mi ni wọ́n ni ín, àwọn ni wọ́n ra síìmù, àwọn ni wọ́n ń ra káàdì sí i, ṣùgbọ́n kì í bá wọn jáde. Tó bá ti di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí wọ́n á ti wé gèlè tán, wọ́n á gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa gbọ́ ọ o, torí àwọn àbúrò wa, torí tí ara ẹnì kan bá gbóná kí wọ́n rí nǹkan fi pe bàbá àgbà wa ní Treichville. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ wọ gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń lò níbẹ̀ bá a ṣe ń lo dánfó l'Ékòó, ó di Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń ta ata gbígbẹ, edé àti irú. Ó máa ń tó aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

Tí wọ́n bá wà lọ́jà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a ti jẹun, kàbíìnì ni wọ́n máa ń lọ. Àwọn oníkàbíìnì nìyẹn, tábìlì kan, agbòjò ńlá kan lẹ́bàá títì, wàá fi fóònù tiwọn pè, wàá sì san owó ìṣẹ́jú tó o lò. Obìnrin kan wà níwájú ìsọ̀ màmá mi tó jẹ́ pé gbogbo ìlà yẹn, àwọn aláta, àwọn aláṣọ, àwọn tó ń ti ọmọlanke, fóònù tiẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilé. Fóònù yẹn náà kì í kúrò níbi tó wà.

Ẹ má bínú pé mò ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìn, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ fóònù ṣètò ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni mò ń bọ̀ wá sọ. Ará Èjìgbò ni wá, Èjìgbò ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó bá sì ti dé ìlú wa rí á mọ̀ pé Àbíjáàn bí ẹ̀yìnkùlé ló rí lójú wa. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò tààrà, ó gba Sèmè, ó gba Kùtọ̀nù, Lọ́mè, Àkrà, ó di Àbíjáàn. Ìyá àgbà lè bá ẹ dúnàádúrà lédè Faransé lọ́jà wa. Nígbà tí wàhálà ìdìbò 2010 di ogun, tí ìbọn ń dún ní Abobo níbẹ̀rẹ̀ 2011, irú bọ́ọ̀sì yẹn náà la fi sá wálé. Ṣùgbọ́n màmá mi ò lè jókòó lásán, kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti kó ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn àbúrò mi padà, èmi nìkan ni mo dúró torí ilé ìwé. Mo máa ń pè wọ́n láti Èkó lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbé e, á ní "Màmá ò sí nílé, pè lálẹ́."

Ìdí tí mo fi ń rántí gbogbo èyí ni pé oṣù Dìsẹ́ńbà 2011 gan-an ni dátà kan bẹ̀rẹ̀ tí mo padà wá kà nípa ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ètò ìrìnnà. Ilé iṣẹ́ Orange, ọ̀kan lára àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kù ńlá ní Côte d'Ivoire, kó àkọsílẹ̀ ìpè àti tẹ́ẹ̀sì àwọn oníbàárà wọn jọ láti Dìsẹ́ńbà 2011 títí dé Épírì 2012, wọ́n yọ orúkọ àti nọ́mbà kúrò, wọ́n sì gbé e fún àwọn olùwádìí káàkiri ayé pé ẹni tó bá lè fi ṣe nǹkan tó máa ran orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ kó wá fi hàn. Àkọsílẹ̀ bílíọ̀nù 2.5 ni, láti ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 5 èèyàn. Àwọn olùwádìí IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó wà ní Dublin mú un, wọ́n ní àwọn máa fi tún ọ̀nà bọ́ọ̀sì Àbíjáàn tò.

Mo ka ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan nínú yàrá mi, orí mi wú, torí ìlú mi ni wọ́n ń sọ. Mo rí Abobo, mo rí Adjamé lórí máàpù wọn. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni mo wá rántí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo ìgbà tó o bá pe ẹnì kan, tàbí tẹ́nì kan pè ẹ́ tó o gbé e, tàbí tó o fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kù á kọ ọ́ sílẹ̀ torí owó: nọ́mbà wo ni, aago mélòó ni, máàsì wo, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kù, ló gbé e. Ohun tó o sọ ò sí níbẹ̀. Máàsì wá jẹ́ nǹkan tí kì í rìn, ojú kan ló dúró sí, torí náà tí nọ́mbà kan bá lo máàsì Yopougon ní aago méje àárọ̀, tó tún lo ti Plateau ní aago mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ẹni tó mú fóònù yẹn dání ti rìn láti ibì kan dé ibì kejì. Wọ́n á wo máàsì tó o ń lò jù lóru, wọ́n á ní ilé ẹ nìyẹn. Wọ́n á wo èyí tó o ń lò jù lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n á rí tábìlì ńlá kan yà, àdúgbò tí wọ́n ti ń gbéra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àdúgbò tí wọ́n ń lọ wà lókè, iye ẹni tó rin ọ̀nà náà wà láàárín. Wọ́n á wá fi ìkànìyàn gbé iye yẹn sókè, torí kì í ṣe gbogbo ará ìlú ló ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kù kan náà.

Tábìlì yẹn, ẹni tí ò bá tíì wá a rí ò lè mọ bó ṣe níye lórí tó. Láyé àtijọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á rán èèyàn láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, tàbí kí wọ́n dúró sí ibùdókọ̀ kí wọ́n máa bi èrò. Owó tabua ló ń jẹ, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ìjọba tó tún ṣe òmíràn, nígbà tí wọ́n bá fi máa ka èsì tán, ìlú ti yí padà, àdúgbò tuntun ti yọ. Fóònù ń kọ tiẹ̀ lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Kí n sọ ohun tí wọ́n rí kí n má bàa ṣe wọ́n níbi. Bọ́ọ̀sì ńlá 539 ló wà ní Àbíjáàn nígbà yẹn, gbaka bíi 5,000, àti woro-woro, ìyẹn takisí tí èèyàn jọ ń wọ̀, bíi 11,000. (Orúkọ yẹn máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀fà ni wọ́n ń pè ní wóóró lédè Júlà, wọ́n sì máa ń ka owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ní fáráǹkì márùn-ún márùn-ún, torí náà mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n fáráǹkì, owó ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Iye tí wọ́n ń gbà ló di orúkọ ọkọ̀.) Àwọn ará IBM mú nǹkan bí 500,000 fóònù tí ìrìn wọn wúlò fún iṣẹ́ náà, wọ́n fi wé ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, wọ́n rí ọ̀nà 65 tí wọ́n lè gbà tún un ṣe. Èyí tó máa ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀nà méjì kún un kí wọ́n sì na ọ̀kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ gùn sí i, pé àsìkò táwọn èèyàn ń lò lójú ọ̀nà máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tó bá ti lo wákàtí mẹ́ta nínú gbaka lọ́jọ́ kan rí á mọ̀ pé ìdá mẹ́wàá yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni, èèyàn lè fi gbé ẹ̀wà ọmọ kaná.

Mo gba iṣẹ́ yẹn gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá fóònù màmá mi nínú ẹ̀.

Lóru, máàsì Abobo. Lọ́sàn-án, máàsì Abobo. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni yìí ò ní iṣẹ́ tó ń lọ, ó jókòó sílé láti Dìsẹ́ńbà títí dé Épírì. Obìnrin tó ń wọ gbaka ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láìfi ọjọ́ kan sílẹ̀ àfi Sunday, tó jẹ́ pé tí gbaka bá fi ọgbọ̀n fáráǹkì kún owó ọkọ̀ ó máa hàn nínú ọbẹ̀ wa, òun ni kò rin ìrìn kankan. Fóònù oníkàbíìnì wá ńkọ́? Ìyẹn ń pè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ láti ojú kan, ẹni tó bá ń fọ dátà mọ́ á rí i pé kì í ṣe ìwà èèyàn kan, á yọ ọ́ dànù, ó sì tọ̀nà láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà aláta Adjamé ló bá a lọ. Nǹkan mìíràn tún wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní fóònù lọ́wọ́ kì í pè, wọ́n á kàn fláàṣì, wọ́n á gé e kó tó wọlé, ẹni tí wọ́n fláàṣì á pè wọ́n padà tó bá lówó. Ìpè tí ẹnikẹ́ni ò gbé ò jẹ owó, ohun tí kò sì jẹ owó kì í sábà sí nínú ìwé owó. A jẹ́ pé bówó bá ṣe kéré sí lọ́wọ́ èèyàn ló ṣe máa ń fara sin sí nínú dátà yìí, àwọn yẹn gan-an sì ni wọn ò ní mọ́tò, àwọn ni bọ́ọ̀sì wà fún.

Mo ti gbọ́ èsì tí wọ́n máa ń fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Olùwádìí kan, Amy Wesolowski, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí ní Kẹ́ńyà, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2013, ohun tí wọ́n rí ni pé lóòótọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní fóònù, àwọn tó ní i sì lówó ju àwọn tí ò ní lọ, síbẹ̀ ìṣirò bí èèyàn ṣe ń rìn káàkiri ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́ nítorí ẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ìrìn láti agbègbè dé agbègbè nìyẹn, lórí odidi orílẹ̀-èdè. Èmi ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, níbi tó jẹ́ pé bóyá ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gbéra ní aago mẹ́rin ààbọ̀ tàbí aago mẹ́fà ni ọ̀rọ̀, àwọn tó nílò ti aago mẹ́rin ààbọ̀ sì ni àwọn tí fóònù wọn wà nílé, tàbí tí wọn kì í pe ẹnikẹ́ni ní aago yẹn torí gbogbo ayé ṣì ń sùn.

Omi náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àbíjáàn á mọ̀ pé Plateau àti Treichville kọjú síra ni, ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Fóònù ò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Èèyàn lè jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ létí omi ní Plateau kí máàsì Treichville gbé ìpè ẹ̀ torí ti Plateau kún, kó tún padà sí ti Plateau níṣẹ́jú mẹ́ta sígbà yẹn. Tí wọn ò bá ṣọ́ra wọ́n á kà á pé ó ti gba afárá lọ, ó ti gba afárá bọ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń yọ irú ìrìn yẹn kúrò, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní síìmù méjì ńkọ́, tó ń fi ọ̀kan pè nílé tó ń fi èkejì pè níbi iṣẹ́ torí nẹ́tíwọ́ọ̀kù sí nẹ́tíwọ́ọ̀kù kan náà ló dínwó? Nẹ́tíwọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan á rí ààbọ̀ èèyàn, kò sí èyí tó máa rí ìrìn ẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí ṣì ṣeé tún ṣe o. Èyí tí mi ò rí ojútùú ẹ̀ títí di òní, ibùdókọ̀ Ọjọ́tà ni mo ti kọ́ ọ.

Wọ́n gbà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé láti bá wọn bi èrò ní ìbéèrè, wọ́n fún wa ní pátákó, fọ́ọ̀mù àti bírò. Níbo lẹ ti ń bọ̀, níbo lẹ̀ ń lọ, kí lẹ̀ ń lọ ṣe, èló lẹ san. Oòrùn ń pa wá, àwọn kan ń bi wá bóyá agbowó orí ni wá. Ìyá kan dúró, ó jọ pé ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo dání. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn mà, níbo lẹ̀ ń lọ?" Wọ́n ní, "Kẹtú." Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ ra ọjà ni. Oyíngbò ni ǹ bá lọ, ibẹ̀ ni ọjà tí mò ń tà ti dáa, owó ọkọ̀ ni ò jẹ́, mo ti ṣírò ẹ̀ títí, màá san èrè mi fún awakọ̀ ni. Kọ Kẹtú, ọmọ mi."

Mo kọ Kẹtú. Àyè tí mo lè kọ Oyíngbò sí ò sí nínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, nígbà tí mo dá fọ́ọ̀mù padà, ọ̀gá tó ń gbà á lọ́wọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ó ní kí n má ba fọ́ọ̀mù jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí gbogbo wa ní à ń wá ni iye ìrìnàjò tí àwọn ará ìlú ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń kà ni èyí tí wọ́n rìn. Oyíngbò tí ìyá yẹn fẹ́ lọ, tí wọ́n fẹ́ lọ gan-an, tí wọ́n jókòó ṣírò ẹ̀, kò fara hàn níbi kankan. Fóònù wọn, tí wọ́n bá mú un dání, á ní Ọjọ́tà sí Kẹtú, á sì sòótọ́. Tí a bá wá gbé òótọ́ yẹn fún àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀, wọ́n á ní àwọn ará Ọjọ́tà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí Oyíngbò, kí ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ṣe níbẹ̀.

Nǹkan kan náà ló wà ní Àbíjáàn lásìkò dátà yẹn. Afárá méjì péré ló so apá àríwá pọ̀ mọ́ apá gúúsù, Houphouët-Boigny àti De Gaulle, àárín Plateau sí Treichville ni àwọn méjèèjì wà. Ará Cocody tó bá fẹ́ lọ sí Marcory, tó jẹ́ pé ó ń rí i lókèèrè lódìkejì omi, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí gba Plateau, kó kó sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ afárá. Mélòó ló máa ṣe ìyẹn tí kò bá pọn dandan? Nínú tábìlì, àpótí Cocody sí Marcory ò lè fi ohun táwọn èèyàn ń fẹ́ hàn. Oṣù Dìsẹ́ńbà 2014 ni wọ́n ṣí afárá kẹta, Henri Konan Bédié, tó gba ibẹ̀ tààrà, àwọn ọkọ̀ sì wà lórí ẹ̀ lónìí, wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó kọjá. Ìrìn wọ̀nyẹn ti wà lọ́kàn àwọn èèyàn kí afárá tó wà, síbẹ̀ kò sí máàsì tó lè gbé e.

Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé fóònù ti dé, ká dá ìbéèrè ojú ọ̀nà dúró, ká fi owó ẹ̀ ṣe nǹkan míì, inú mi kì í dùn. Ẹ fi fóònù ka èyí tó ń lọ. Ẹ wá fi ẹnu bi èèyàn léyìí tí ò lè lọ, kí ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Kò ní ná wa tó bá a ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fóònù ti bá wa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà kò ṣeé fò dá, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Lọ́dún 2013 yẹn náà, olùwádìí míì, Yves-Alexandre de Montjoye, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn fún oṣù 15, wọ́n rí i pé ibi mẹ́rin péré àti aago tí èèyàn wà níbẹ̀ ti tó láti dá ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn mọ̀ yàtọ̀, bí wọ́n tiẹ̀ ti yọ orúkọ. Orange ṣọ́ra, nínú apá kan dátà yẹn 50,000 nọ́mbà ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n á wá pààrọ̀ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ṣáájú, ní Abobo, àdúgbò téèyàn ń gbé àti orúkọ tó ń jẹ́ ti tó láti mú kí wọ́n pa á. Ẹni tí ò tíì sá láàárín òru rí lè máa rò pé ibi tóun sùn ò kan ẹnikẹ́ni.

Mo lọ kí màmá mi lọ́dún tó kọjá. Abobo náà ni wọ́n ṣì wà, Adjamé náà ni wọ́n ṣì ń tajà, àwọn òpó àti kọnkéré ojú irin tí wọ́n fẹ́ fi gbé èèyàn láti Anyama dé Port-Bouët, bíi kìlómítà 37, ti wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Fóònù wọn ti di ti ìgbàlódé, WhatsApp wà níbẹ̀, dátà ń jó níbẹ̀ tọ̀sán tòru, kì í sì í kúrò lára wọn mọ́, etí ìró ni wọ́n ń dì í mọ́. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn, mo ní ní báyìí kò dìgbà tẹ́ ẹ bá pè, máàsì á ti mọ̀ pé ẹ ti kúrò ní Abobo, á mọ̀gbà tẹ́ ẹ dé Adjamé. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ń ṣa edé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé ó máa sọ fún wọn pé mo dúró?"

Mo ní, "Dúró níbo, Màmá?"

"Ní ibùdókọ̀. Pé mo dúró títí, ọkọ̀ ń kún kọjá, mi ò rí èyí wọ̀."

Mo ronú sí i. Máàsì tó gbé ilé wa náà ló gbé ibùdókọ̀ yẹn. Mo ní, "Rárá mà. Á rò pé ẹ ṣì wà nílé ni."

"Ẹn-ẹ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń ṣa edé wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo bá wọn jáde. Mo wo aago nígbà tá a dé ibùdókọ̀, mo tún wò ó nígbà tí gbaka tó ní àyè èèyàn méjì dúró fún wa. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, màmá mi sì na ọwọ́ sí mi látinú ọkọ̀ pé kí n tètè wọlé.